Funfun Niyì Eyín: Erìgì Ńkọ́?

"Funfun niyì eyín," ni àwọn àgbà wí. Ojú òǹwòran ni òwe yìí fi wo ẹnu: ohun tó hàn síta nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín ló yìn. Ṣùgbọ́n eyín lè funfun báláú kó sì máa mì. Erìgì, àwọn iṣan tín-ín-rín tó so gbòǹgbò eyín mọ́ egungun, àti egungun àgbọ̀n fúnra rẹ̀, àwọn ló gbé iyì náà ró. Òwe kò purọ́. Apá tí ojú rí ló sọ. Apá kejì ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ní Ìfànyìn (Ifangni) ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Igolo lẹ́nu ibodè títí dé Banigbé, àwọn ènìyàn ò tíì kọ orín, igi tí a fi ń fọ eyín, sílẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Orín a máa fọ ìdọ̀tí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ eyín. Erìgì tó ti jẹ kúrò lára gbòǹgbò ni kò lè dá padà.

Bó ṣe ń jẹ rèé. Ìdọ̀tí tí a kò fọ̀ kúrò kún fún kòkòrò àìfojúrí. Erìgì á pupa, á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde bí a bá ń rin orín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá dẹwọ́ níbẹ̀, wọ́n á ní orín ló ń ṣe àwọn léṣe, bẹ́ẹ̀ fífọ̀ gan-an ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ìdọ̀tí á le, á wọ abẹ́ erìgì, ihò á ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò, egungun á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé àwọn tí àrùn erìgì tó le ń bá jà lágbàáyé lé ní bílíọ̀nù kan.

Kí ló dé tí ara kì í fi tún ibẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá ha ìdọ̀tí náà kúrò? Awọ erìgì yára ju egungun lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré wọ inú ihò náà, tí á bo gbòǹgbò, tí egungun àti iṣan kò fi ní ríbi dúró sí mọ́. Melcher, olùwádìí eyín kan ní Kánádà, ló là á yé àwọn oníṣègùn ní 1976 pé ẹ̀yà tín-ín-tín inú ara (sẹ́ẹ̀lì) tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ń pinnu irú ìwòsàn tí yóò wáyé. Ní 1982, Nyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dí awọ lọ́nà lẹ́nu aláìsàn kan, iṣan tuntun sì so mọ́ gbòǹgbò.

Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni jẹ́ẹ̀lì ìwòsàn erìgì tó lókìkí jù, Emdogain, ti wá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Èròjà tí ara fi ń mọ eyín nígbà tí eyín ṣì ń dàgbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú kí jẹ́ẹ̀lì náà kan kí èròjà yẹn lè yọ́ nínú rẹ̀. Bó bá fara kan omi ara, tí kíkan náà rọ̀, èròjà yẹn á dì, á sì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, á wá máa pe àwọn ẹ̀yà tó ń kọ́ iṣan àti egungun. Inú eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì hù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní ìlú tí mùsùlùmí pọ̀ sí bíi tiwa, dókítà gbọ́dọ̀ sọ èyí fún aláìsàn kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní àríyànjiyàn yẹn nínú, òun ni mo sì rò pé ó bá wa mu jù. Choukroun, dókítà ará Faransé, kọ ọ́ jáde ní 2001, ní èdè Faransé tí àwọn dókítà wa fi kàwé. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti apá, láìfi òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ yí i lójú ẹsẹ̀. Pupa á lọ sísàlẹ̀, omi á wà lókè, láàárín wọn ni ohun kan tó dì á wà, tó há àwọn ẹ̀yà tó ń wo ọgbẹ́ sàn mọ́ inú. Bí wọ́n bá tètè fà á kó tó dì, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, yóò sì di jẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ni, kò sí ohun tí a ń rà láti òkè òkun bí kò ṣe ẹ̀rọ àti ike.

Kò sí èyí tó jẹ́ òògùn ìpara nínú méjèèjì. Dókítà ló ń fi wọ́n sínú ihò náà lẹ́yìn tó bá ti fọ gbòǹgbò mọ́. Ihò tó jìn tó sì tóóró ló ń gbà á dáadáa. Bí egungun bá ti yọ́ yí ká, ìrètí kéré. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá á máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ìpara erìgì tí wọ́n ń polówó lọ́jà lè mú ìrora rọlẹ̀, kì í kọ́ egungun, ẹ má fi owó yín ṣòfò lé e lórí.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní erìgì yín fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹkùn ìlera Sakété-Ifangni, tàbí Àjàṣẹ́, kí dókítà eyín lè wọ̀n bí ihò náà ti jìn tó, kí ẹ sì mú àwọn òbí yín tí eyín wọn ti ń mì dání.