Lẹ́kítìnì

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà oúnjẹ Paleo tàbí Whole30 kò ní í fẹnu kan ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, lẹ́kítìnì ló sábà máa ń dárúkọ.

Purotéènì ni, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ṣúgà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì. William Boyd, ará Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ lọ́dún 1954, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “ṣà.” Àwọn lẹ́kítìnì kan máa ń ṣa irú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́: wọ́n á mú ti A dì, wọn kò ní í fọwọ́ kan ti O.

Ẹ̀rù lẹ́kítìnì náà ní ìdí. Ẹ̀wà pupa tí ìrísí rẹ̀ dà bíi kíndìnrín, bí kò bá jinná, hóró 4 tàbí 5 tó láti fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rẹ ẹ́ fún wákàtí 5, tí wọ́n da omi rẹ̀ nù, tí wọ́n wá sè é nínú omi tó ń hó yaa fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, agbára lẹ́kítìnì inú rẹ̀ ti pin. (Ìkòkò oníná tí ń rọra se nǹkan kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀.)

Ta ló wá ń jẹ ẹ̀wà tútù? Lójú tèmi, wọ́n di ẹrù tó ju lẹ́kítìnì lọ lé e lórí. Ohun tó sábà ń mú kí ẹ̀wà kún ni nínú ni àwọn ṣúgà kan tí ìfun kékeré kò lè dà, tí kòkòrò inú ìfun ńlá wá ń sọ di gáàsì.