Ta Ni A Ó Kà Mọ́ Ìdílé Linux? Linus Torvalds ní Yunifásítì Helsinki, 1988 sí 1997

Nínú ìtàn ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá ti dárúkọ Linux, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń tẹ̀ lé e: Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní ìlú Helsinki, tí ó sì kọ ètò tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó mọ oríkì í kì kì í ki ènìyàn bí ẹni tí kò ní orírun. Yóò kan baba, yóò kan ìyá, yóò kan orílẹ̀ tí ẹni náà ti ṣẹ̀ wá. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òpìtàn fi wo Linux. A ó fi hàn pé ipò tí yunifásítì fi akẹ́kọ̀ọ́ yìí sí, àti àṣẹ tí ó yàn fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣe pàtàkì tó ọpọlọ rẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni wọ́n bí Torvalds ní Helsinki, sínú ẹ̀yà kékeré tí ń sọ èdè Swídìn ní orílẹ̀-èdè Fínlándì. Bàbá ìyá rẹ̀, Leo Törnqvist, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ statistics ní Yunifásítì Helsinki. Orí kọ̀ǹpútà Commodore VIC-20 tí bàbá àgbà yìí rà ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń kọ ètò. Ní ọdún 1988 ó wọ yunifásítì kan náà. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ìjọba sì ń fún wọn ní owó ìrànwọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Torvalds lọ sìn nínú iṣẹ́ ológun bí òfin ilẹ̀ rẹ̀ ti wí, ó padà sí kíláàsì, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ kankan kò ní kó máàkì sí. Ọdún 1997 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ fún oyè kejì tó jáde.

Ní ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990, ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa Unix, ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà àwọn yunifásítì àti iléeṣẹ́ ńlá nígbà náà. Ènìyàn 16 péré ni ó lè lo kọ̀ǹpútà tí ẹ̀ka náà rà fún ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn yòókù a dúró de àyè. Ìwé tí Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam, tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 ni ó là á lójú sí bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tanenbaum ti kọ Minix, ètò kékeré tí ó jọ Unix, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991, Torvalds ra kọ̀ǹpútà tí ó ní ẹ̀rọ 386 ti Intel, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń san owó rẹ̀. Ó fi Minix sórí rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí yóò jẹ́ kí ó lè ti ilé wọ kọ̀ǹpútà yunifásítì. Ètò yẹn ni ó ń dàgbà títí ó fi di Linux.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó kọ̀wé sí àwọn tí ń lo Minix káàkiri ayé pé òun ń kọ ètò ìpìlẹ̀ kan, pé eré ọwọ́dilẹ̀ lásán ni, ó sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀dà 0.01 jáde, pẹ̀lú bí ìlà kóòdù 10,000. Ari Lemmke, ti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Helsinki, ni ó fún un láàyè lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ti lè kó fáìlì. Torvalds fẹ́ kí iṣẹ́ náà máa jẹ́ Freax, nítorí ó rò pé ìgbéraga ni kí òun fi orúkọ ara òun pè é. Lemmke kò fẹ́ràn Freax. Linux ni ó kọ sórí àyè náà. Ẹlòmíràn, nígbà náà, ni ó sọ ọmọ náà lórúkọ níta.

Àṣẹ lílò ni ó tún gbọdọ̀ wọ inú ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Torvalds kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí Linux. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992 ó yí èyí padà, ó sì gba àṣẹ GPL, tí Richard Stallman ṣe fún iṣẹ́ GNU tí ó ti ń lọ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984. Láti inú GNU náà ni gcc ti wá, ìyẹn ètò tí ń sọ kóòdù Linux di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.

Níbí ni àṣà iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tiwa ti wúlò fún àlàyé. Nínú ọ̀wẹ̀, olóko a pe àwọn ènìyàn, a fún wọn ní oúnjẹ, wọn a bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oko ṣì jẹ́ tirẹ̀. Nínú àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, a ó sì máa ka iye ọjọ́. Linux jọ ọ̀wẹ̀ ní ti pé ẹnì kan ni ó pe àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n GPL kò jẹ́ kí oko wà lọ́wọ́ apenilọ́wẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè tà á. Bí ó bá tún un ṣe tí ó sì pín in fún ẹlòmíràn, ó gbọdọ̀ fi kóòdù rẹ̀ lélẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà. Olúkúlùkù tí ó kọ kóòdù ni ó sì ní ẹ̀tọ́ lórí ìpín tirẹ̀, débi pé Torvalds fúnra rẹ̀ kò lè dá àṣẹ náà yí padà. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀ pátápátá, kì í sì í ṣe àáró, nítorí ẹni tí ó lò ó láì tún un ṣe kò jẹ gbèsè ọjọ́ kan.

Àwọn tí a lè kà mọ́ ìdílé yìí kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ nìkan. Alátakò wà nínú wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992, Tanenbaum sọ ní gbangba pé ìgbà ti kọjá lórí irú ètò tí a to Linux, àti pé ó so mọ́ ẹ̀rọ 386 jù. Torvalds dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Síbẹ̀, àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ ti ọdún 1997 dá lórí bí Linux ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. A lè kà á gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí ó pẹ́ sí ìbéèrè ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, yunifásítì ti gbà á síṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, ó sì fún un láyè láti máa ṣiṣẹ́ lórí Linux. Nínú gbọ̀ngàn yunifásítì náà ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀dà 1.0 ní oṣù Kẹta ọdún 1994.

Kí ni èyí kàn wá? Kernel Linux ni ó wà nísàlẹ̀ Android lórí fóònù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ka ìwé. Nínú àkójọ ètò GNU tí ó ń bá a rìn, èdè Yorùbá ní àyè tirẹ̀, tí àmì rẹ̀ jẹ́ yo_NG. Nítorí pé a ṣí kóòdù náà sílẹ̀, ẹni tí ó bá rí àṣìṣe nínú Yorùbá inú rẹ̀ lè tún un ṣe, kí ó sì fi ránṣẹ́. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè jọ ṣe.

Bí a bá ń bi ara wa pé nígbà wo ni irú Linux yóò ti ọ̀dọ̀ wa jáde, a kò gbọdọ̀ máa wá ọmọ tí orí rẹ̀ pé nìkan, nítorí irú wọn kò wọ́n ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Ohun tí ìtàn Helsinki ní kí a wò ni àkókò tí ẹnikẹ́ni kò fi ìdánwò gbà, ìwé tí ó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, olùkọ́ tí ó ń takò láì lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni oríkì Linux, bí a bá kì í délé.