Kìnnìún Òkúta àti Èdè Ìlú: Ìrìn-àjò lórí Ipa Ìjọba Fẹ́níìsì

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjòjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn arìnrìn-àjò mu tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ láti Fẹ́níìsì ní ilẹ̀ Ítálì lọ sí etíkun Kroéṣíà, Gíríìsì àti erékùṣù Kípírù, láti wo ohun tí ìjọba Fẹ́níìsì fi sílẹ̀ ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Orúkọ ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwa olùkọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ka The Merchant of Venice ní ilé-ìwé, tí a sì mọ̀ pé Fẹ́níìsì ni eré Othello ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Kípírù ni ó parí sí. Ọ̀nà tí Othello tọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀nà tí àwọn amọ̀nà ń mú àlejò gbà lónìí.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò tọ ọ̀nà náà láti ìlú dé ìlú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà méjì ni ogún tí ìjọba kan fi sílẹ̀ pín sí. Èkíní ni èyí tí ojú ń rí, tí amọ̀nà ń nawọ́ sí. Èkejì ni èyí tí etí ń gbọ́, tí kò sí lára ògiri kankan. Èrò tiwa ni pé èyí tí etí ń gbọ́ ni ó jinlẹ̀ jù, àti pé níbẹ̀ ni ẹni tí a ṣẹ́gun ti borí ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀.

FẸ́NÍÌSÌ: IBI TÍ ỌKỌ̀ TI ṢÍ

Àárín ọ̀sà ni a tẹ Fẹ́níìsì dó sí, lórí àwọn erékùṣù kéékèèké. Kò ní ilẹ̀ oko tí ó tó nǹkan. Iyọ̀, ẹja àti òwò ni àwọn ará ibẹ̀ gbójú lé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ òkun di oko. Ní ọdún 1000, Pietro Orseolo Kejì, tí ó jẹ́ Doge, èyí tí í ṣe oyè olórí ìlú náà, kó ọkọ̀ ogun lọ sí etíkun Dalmatia ní òdìkejì òkun, ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ sì wárí fún un. Ní ìrántí ìrìn-àjò yìí ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún kan ní ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run. Nígbà tí ó yá, àjọ̀dún náà di ìgbéyàwó òkun: Doge a máa ju òrùka sínú omi gẹ́gẹ́ bí ọkọ tí ń gbé ìyàwó.

Ohun tí amọ̀nà kọ́kọ́ ń fi han àlejò ni ilé ìjọsìn Máàkù Mímọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn ará ìlú náà, ní ọdún 828 ni àwọn oníṣòwò wọn jí òkú Máàkù gbé wá láti Alẹkisáńdíríà. Kìnnìún abìyẹ́ tí í ṣe àmì Máàkù di àmì ìjọba wọn, ibikíbi tí wọ́n bá sì jọba lé lórí ni wọ́n ti ń gbẹ́ kìnnìún yìí sára òkúta. Inú ilé ìjọsìn yìí kan náà ni a tọ́jú ẹṣin idẹ mẹ́rin kan sí. Àwòkọ wọn ni ó wà níta. Ìkógun ni àwọn ẹṣin wọ̀nyí. Ní 1204, àwọn ọmọ ogun Àgbélébùú Kẹrin, tí Doge Enrico Dandolo, arúgbó afọ́jú, wà lára àwọn aṣáájú wọn, kó Constantinople, bẹ́ẹ̀ ni Kristẹni bíi tiwọn ni àwọn ará ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni Doge ti ń pe ara rẹ̀ ní olúwa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ilẹ̀ ọba náà.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni èbúté kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Riva degli Schiavoni, èyí ni èbúté àwọn ará Dalmatia, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Slav. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè dúró díẹ̀ níbí. Láti ara orúkọ ẹ̀yà yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹrú ti jáde ní ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará Fẹ́níìsì fi ń kí ara wọn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, bí ẹni pé kí ènìyàn sọ pé, “Ẹrú yín ni mí.” Ìkíni náà ni ó di ciao tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Àlejò a máa kí amọ̀nà bẹ́ẹ̀ lórí èbúté náà gan-an láìmọ̀ pé ìtàn ìjọba náà ni òun fi ẹnu sọ yẹn.

ZADAR: ẸNUBODÈ ÀTI ÌWÉ

Ìjìyà kì í ṣe ohun tuntun ní Zadar. Ní 1202, àwọn ọmọ ogun Àgbélébùú kan náà ni wọ́n kó o fún Fẹ́níìsì, kí wọ́n tó kọjá lọ sí Constantinople. Ní 1409, Ladislaus ọba Naples ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí Dalmatia fún Fẹ́níìsì ní 100,000 owó wúrà dúkátì. Bí a ti ń ta ilẹ̀ ni a ta àwọn ènìyàn orí rẹ̀.

Ẹnubodè tí Michele Sanmicheli kọ́ ní 1543 ni àlejò ń wò níbẹ̀. Kìnnìún abìyẹ́ ńlá wà lókè rẹ̀. Ní 2017, àjọ UNESCO fi odi Zadar, pẹ̀lú ti Kotor àti àwọn mìíràn, sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ọdún méje kí a tó kọ́ ẹnubodè yẹn, ọmọ ìlú Zadar kan, Petar Zoranić, ti parí ìwé kan ní èdè Kroéṣíà, tí ó pè ní Planine. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè náà. Nínú ìwé yìí, iwin obìnrin kan ń ráhùn pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òun ń tijú láti fi èdè ara wọn kọ̀wé. Ìráhùn náà kò jọ ìtàn àtijọ́ létí olùkọ́ Yorùbá. Ní 1569 ni a tẹ ìwé náà jáde, inú Fẹ́níìsì gan-an ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ náà ni a ti tẹ Judita, ewì Marko Marulić ará Split, ní 1521. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ọ̀gá ni ẹni tí a ń jẹ gàba lé lórí fi gbé èdè tirẹ̀ ró.

PERAST ÀTI KỌ́RÍFÙ

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ọmọ abẹ́ ìjọba yìí ni ó kórìíra rẹ̀. Ní Perast, ìlú kékeré kan ní ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ní Kotor, àwọn atukọ̀ ibẹ̀ ní ipò ọlá lọ́dọ̀ Fẹ́níìsì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ńlá Fẹ́níìsì tú ara rẹ̀ ká níwájú agbára Napoleon ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1797, àwọn ará Perast ṣe ohun kan tí a kò lè gbàgbé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi omijé gbé àsíá Máàkù Mímọ́ sin sábẹ́ pẹpẹ ilé ìjọsìn wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ní láti sọ èyí pẹ̀lú, kí ó má baà di pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbọ́.

Erékùṣù Kọ́rífù wà lọ́wọ́ Fẹ́níìsì láti 1386 títí di 1797. Odi rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Tọ́kì kò rí i gbà ní 1716. Igi ólífì pọ̀ lórí rẹ̀ nítorí pé ìjọba Fẹ́níìsì ń san owó fún ẹni tí ó bá gbìn ín. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni àwọn olóko náà ń sọ nídìí igi wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lò. A lè wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe fọ́ọ̀kì. Láti ẹnu àwọn Gíríìkì ni ó ti wọ èdè Fẹ́níìsì, láti ẹnu àwọn Fẹ́níìsì ni ó sì ti dé Dalmatia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní pirun. Ọ̀gá pẹ̀lú ń yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

KÍRÉTÈ: IBI TÍ ÈDÈ TI BORÍ

Láti Kọ́rífù, ọkọ̀ a gba Modon àti Coron kọjá, èbúté méjì tí wọ́n ń pè ní ojú méjèèjì Fẹ́níìsì kí àwọn ará Tọ́kì tó gbà wọ́n ní 1500. Lẹ́yìn náà ni ó dé Kírétè, erékùṣù tí ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì mọ̀ nítorí Títù, tí Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ níbẹ̀. Láti 1211 ni Fẹ́níìsì ti ń kó àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ lọ tẹ̀dó síbẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ fún wọn lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìran kan tẹ̀lé òmíràn ni àwọn ará Kírétè fi ṣọ̀tẹ̀.

Ọ̀tẹ̀ tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ti 1363. Fẹ́níìsì bu owó-orí tuntun fún àtúnṣe èbúté Candia, olú-ìlú erékùṣù náà, tí a ń pè ní Heraklion lónìí. Àwọn àtìpó Fẹ́níìsì fúnra wọn ni wọ́n kọ̀. Wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́lá Gíríìkì, wọ́n fa àsíá Máàkù wálẹ̀, wọ́n sì ta àsíá Títù Mímọ́. A ṣẹ́gun wọn ní 1364, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀tẹ̀ náà fi hàn kò ṣeé parẹ́: ọmọ àtìpó ti di ọmọ ilẹ̀.

Lónìí, amọ̀nà a mú àlejò lọ sí ilé ìṣọ́ tí ó wà lẹ́nu èbúté, tí a tún kọ́ láàrin 1523 àti 1540, tí kìnnìún òkúta wà lára rẹ̀, àti sí odi ńlá tí ó yí ìlú ká. Bí kò bá sọ fún wọn pé àwọn àgbẹ̀ Kírétè ni a fi túláàsì kó wá ru òkúta odi náà, ìdajì ìtàn ni ó sọ. Odi yìí dúró gbọn-in nígbà tí àwọn ará Tọ́kì dó ti ìlú náà láti 1648 títí di 1669. Nígbà tí Francesco Morosini jọ̀wọ́ ìlú náà, àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba wà lára ohun tí a kó lọ sí Fẹ́níìsì, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí nínú odi náà. Ìdílé Cornaro jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọlọ́lá Fẹ́níìsì. Nínú ẹ̀ka ìdílé yìí tí ó wà ní Kírétè ni a bí ọmọ ìyá méjì kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Andrea, tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ ní Candia, èdè Ítálì ni ó fi kọ̀wé. Àbúrò rẹ̀, Vitsentzos Kornaros, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó kọ Erotokritos, ewì ìfẹ́ àti ogun tí ó tó nǹkan bí ìlà 10,000, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní sílébù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ka-èdè Gíríìkì tí àwọn àgbẹ̀ Kírétè ń sọ ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe èdè àwọn baba ńlá rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ ní Fẹ́níìsì ní 1713, nígbà tí Kírétè ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ Fẹ́níìsì. Àwọn tí kò mọ ìwé kà kọ́ ọ sórí, wọ́n ń fi gòjé kọ ọ́, àwọn ará erékùṣù náà sì ń kọ ọ́ títí di òní. Tàbí ta ni ó ń ka ìwé Andrea bí kò ṣe àwọn onímọ̀ díẹ̀?

Ní ti òkúta, ọwọ́ tí ó tò ó náà lè tú u ká. Morosini kan náà ni ó kó ogun lọ sí Átẹ́nì ní 1687. Àwọn ará Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sínú Parthenon, àgbá Fẹ́níìsì bà á, ilé tí ó ti dúró fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ sì fọ́ yángá.

KÍPÍRÙ: ÒPIN Ọ̀NÀ

Ní 1489, Caterina Cornaro, ayaba Kípírù tí í ṣe ọmọ Fẹ́níìsì, fi erékùṣù náà lé ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ inú rẹ̀. Odi olórí mọ́kànlá tí a mọ yí Nicosia ká ní 1567 kò gbà á. Ó ṣubú ní 1570, Famagusta sì ṣubú ní 1571. Ilé ìṣọ́ kan wà ní Famagusta tí wọ́n ń pè ní ti Othello, kìnnìún òkúta sì wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1492.

Nítòsí Limassol ni ahoro ilé ìṣúgà Episkopi wà, tí ìdílé Cornaro ti ní oko ìrèké. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní òmìnira àti àwọn ẹrú ni wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibí yìí kan ìran wa. Láti irú oko bẹ́ẹ̀ ní Mẹditaréníà ni àṣà oko ìrèké olówò ńlá ti ṣí lọ sí Madeira àti São Tomé, kí ó tó dé Bràsíìlì àti Kúbà, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ṣe ẹrú lẹ́yìn náà. Àwọn náà gbé èdè wọn lọ, a sì ń gbọ́ ọ nínú orin òrìṣà wọn di òní.

ÌGÚNLẸ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ó hàn pé kìnnìún òkúta kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ó pàṣẹ nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ìjọba Fẹ́níìsì ti lọ láti 1797. Àwọn tí ó jọba lé lórí ṣì ń sọ èdè wọn. Kì í ṣe orí ni ó kó èdè wọ̀nyí yọ. Àwọn kan bí Zoranić àti Kornaros fi wọ́n kọ ohun tí ó dára, àwọn ará ilé sì ń sọ wọ́n fún ọmọ wọn.

Nítorí náà, bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ibi ìtàn, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi kún èyí tí amọ̀nà bá dáhùn. Ta ni ó pàṣẹ pé kí a kọ́ ọ? Ta ni ó ru òkúta rẹ̀? Èdè wo ni arukúta náà fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó délé ní ìrọ̀lẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ẹ̀kẹta ni ó ti fi ojú rẹ̀ ríran.