Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Adìẹ ẹ̀yìnkùlé ni adìẹ díẹ̀, tí kì í sábà ju ogún lọ, tí ìdílé kan ń sìn nílé: wọ́n ń jẹ̀ kiri láti òwúrọ̀, wọ́n sì ń wọlé nírọ̀lẹ́. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ùsò àti Ìpele títí dé Ìdóàní àti Ifọ́n tí í ṣe olú-ìlú Ọ̀sẹ́, agboolé tí kò ní í kò pọ̀. Ọwọ́ obìnrin àti ọmọdé ni ọ̀sìn yìí sábà máa ń wà. Baálé lè ní oko kòkó, àmọ́ owó adìẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àpò rẹ̀.

Adìẹ ìbílẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ìyẹ́ àwọn kan ká sókè, ọrùn àwọn mìíràn wà ní ìhòòhò, òpìpí ní tirẹ̀ kò ní ìyẹ́ ìfò. Àgbébọ̀ kan ń yé ẹyin 8 sí 15 kó tó sàba, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Adìẹ ẹlẹ́yin ti òyìnbó ń yé nǹkan bí 300 lọ́dún, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ: bó bá ti yé ẹyin tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Noiler àti FUNAAB Alpha, èyí tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta mú jáde tí ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, wà fún ẹni tó fẹ́ adìẹ tó tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ tó sì tún lè jẹ̀ kiri.

Bí àgbébọ̀ bá fẹ́ sàba, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wú ìyẹ́, á sì máa ṣá ẹni tó bá na ọwọ́ sí i. Apẹ̀rẹ̀ àlòkù tàbí akèǹgbè fífọ́ ni wọ́n ń tẹ́ fún un. Eérú ni wọ́n ń dà sísàlẹ̀ nítorí iná adìẹ, torí iná lè lé ìyá kúrò lórí ẹyin. Ẹyin tó ti ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ nílẹ̀ kò yẹ ní sísàba. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń fi èédú sàmì sí ara ẹyin, kí wọ́n lè yọ èyí tí adìẹ mìíràn bá wá yé kún un. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni ìyá ń dìde, fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti jẹun, mu omi, kó sì yàgbẹ́ ńlá kan tí òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ keje, bí a bá gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn, a ó rí iṣan pupa tó fọ́nká láti ojú dúdú kan. Èyí tó bá mọ́ kedere kò ní ọmọ. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń pa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí adìẹ sàba ẹyin ẹtù, tó ń gba ọjọ́ 26 sí 28, kì í kó o pọ̀ mọ́ ti adìẹ.

Ẹ̀rọ ìpamọ náà wà. Ìwọ̀n ooru 37.5°C ló ń fẹ́ láìyẹ̀, a sì ní láti yí ẹyin pa dà títí di ọjọ́ 18. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, àgbébọ̀ sàn jù ú.

Pípa kọ́ ni wàhálà. Ẹyin mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń pa lábẹ́ ìyá tó dára, àmọ́ ìdajì òròmọdìẹ lè kú kí oṣù méjì tó pé. Àwòdì ń gbé wọn, ejò ń gbé wọn, òjò ń pa wọ́n. Àwọn kan ń pa wọ́n láró pupa tàbí àlùkò kí ojú àwòdì má ba à mú wọn. Ohun tó wúlò jù ni kí a fi àgò dé ìyá àti ọmọ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a máa fún wọn ní àgbàdo lílọ̀ àti ikán tí a wà nínú ògán.

Nínú àrùn adìẹ, lùkúlùkú ló burú jù. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953, ó sì máa ń jà jù nígbà ọyẹ́: ìgbẹ́ á dà bí ewé, ọrùn á lọ́, agbo á kú tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní oògùn, àjẹsára nìkan ló ní. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe oríṣi kan tó ń fara da ooru, tí wọ́n ń kán sójú adìẹ. Àjẹsára mìíràn, LaSota, ni wọ́n ń pò sínú omi mímu, omi tí kò ní kẹ́míkà, kí àwọn adìẹ sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Ìgò rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń tó igba adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìdílé mẹ́wàá ní àdúgbò kan lè dá owó rẹ̀ jọ, kí wọ́n sì fún adìẹ wọn ní ọjọ́ kan náà, kí ọyẹ́ tó dé.