Ìkòkò Tábà Briar Tí A Fi Ọwọ́ Gbẹ́: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Rà Á Papọ̀ Láìsí Ìjà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ní ìlú òyìnbó ló máa ń ra nǹkan papọ̀: aṣọ ẹbí, fìlà, agbádá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọkùnrin 12 kan tó ń pé ọgọ́ta ọdún fẹ́ ṣe ohun ìrántí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ife tàbí aago ògiri mọ́. Ìkòkò tábà tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi briar gbẹ́ ni wọ́n fẹ́, kí orúkọ oníkálukú sì wà lára tirẹ̀. Nítorí pé oníṣirò owó ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n di owó mú. Bí ètò náà ṣe ń lọ ni mo kọ síbí, fún ẹgbẹ́ tàbí ìdílé tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí a ní kí wọ́n bá wa ṣe, ìwé àdéhùn àti ètò owó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ayùn tó kan igi. Tí wọ́n bá ti gé igi tán, kò sí pé mo yí ọkàn padà mọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ BRIAR?

Briar kì í ṣe igi ńlá bí ìrókò. Igi kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Erica arborea ni, ó sì máa ń hù ní àgbègbè Òkun Mẹditaréníà: Italy, erékùṣù Corsica, Gíríìsì, Spain, Algeria àti Morocco. Kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Kókó ńlá tó wà níbi tí gbòǹgbò àti igi ti pàdé ni, ó sì lè gba 30 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kókó náà tó tóbi tó ohun tí a lè gbẹ́. Ó le, kò wúwo, iná ò sì tètè ràn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án.

Tí wọ́n bá hú kókó yìí, wọ́n á jẹ́ kó wà ní tútù kó má bàa là. Wọ́n á gé e, wọ́n á sè é nínú omi híhó fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje inú ẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìlú Saint-Claude, ní òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1850 sókè. Kí briar tó dé, amọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ìkòkò tábà, àwa náà sì lo ti amọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo àwọn ère Èṣù àtijọ́ dáadáa, ẹ máa rí èyí tó fi ìkòkò tábà sẹ́nu.

Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀ jù nìyí: igi briar máa ń ní àbùkù tó fara pamọ́ sínú, bí ihò kékeré tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò lè rí i àfi tó bá gbẹ́ dé ibẹ̀. Ìkòkò 12 ò sì lè jọra bí ìbejì, torí ìlà ara igi kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà, kó lọ ra ti ilé iṣẹ́ ńlá.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

1. Ìrísí. Billiard ni èyí tí ọrùn ẹ̀ gún régé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Bulldog wà, apple wà, àwọn kan sì wà tí ọrùn wọn tẹ̀. Ẹ yan ẹyọ kan fún gbogbo ẹgbẹ́. Tí ẹni 12 bá yan ìrísí 12, ẹ ò ra nǹkan papọ̀ mọ́ nìyẹn.

2. Ara. Èyí tó ń dán máa ń wọ́n jù, torí igi tí kò ní àbùkù níta ni wọ́n fi ń ṣe é. Òmíràn wà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ líle fọ́n iyanrìn sí lára títí ìlà igi fi yọ síta. Òmíràn tún wà tí wọ́n fín ara ẹ̀. Irú méjì yìí ló ń gba gbẹ́nàgbẹ́nà là tí àbùkù bá yọjú.

3. Ọ̀pá ẹnu, ìyẹn ibi tí a ń fi sẹ́nu. Vulcanite, tó jẹ́ rọ́bà, rọ eyín lọ́rùn, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń pa àwọ̀ ẹ̀ dà. Acrylic kì í ṣá, àmọ́ ó le sí eyín.

4. Ihò. Ṣé ẹ fẹ́ àyè fún fíltà 9 mm, àbí ẹ ò fẹ́? Kó tó lu ihò ni kẹ́ ẹ ti sọ.

5. Orúkọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà òyìnbó ò mọ ẹ àti ọ yàtọ̀ sí e àti o. Ẹ kọ orúkọ gàdàgbà sínú ìwé pẹ̀lú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀, kí oníkálukú fọwọ́ sí abẹ́ tirẹ̀. Akin ò ní wàhálà, Ọlátúńjí ló ní.

6. Ọjọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ yìí ló ń dá ṣiṣẹ́, ìkòkò 12 sì lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa gbà á sí oṣù méjì ṣáájú òde.

7. Àbùkù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: tí igi kan bá ní àbùkù, ṣé kó gbẹ́ òmíràn ni, àbí ẹ gbà kó fín ara ẹ̀ kó sì dín owó kù?

Ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣe ẹyọ kan wá, kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá ti fojú rí i, tí wọ́n sì gbà á, kó wá máa bá ti yòókù lọ.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ ṣí àkáǹtì kan fún un lọ́tọ̀. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kò sí ẹni tí orúkọ ẹ̀ máa wọ ọ́dà láìsan àsansílẹ̀, ì báà jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹ má gba "màá san tó bá ku ọ̀la". Ẹ san ìdajì fún oníṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ san ìyókù lẹ́yìn tó bá ti fi fọ́tò ìkòkò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìkòkò kan jẹ́ £150. Méjìlá jẹ́ £1,800. Owó ìfiránṣẹ́ àti ìbánigbófò jẹ́ £60. VAT 20% lórí £1,860 jẹ́ £372. Ilé iṣẹ́ tó gbé e wá gba £24. Àpapọ̀ jẹ́ £2,256, ìyẹn £188 fún ẹnìkan. Mi ò ní gba £188 o, £195 ni màá gbà, kí £84 lè wà nílẹ̀ fún owó ibodè tàbí ìyípadà owó euro. Tí kò bá sí ohun tó mú un, ẹ dá a padà fún oníkálukú, kẹ́ ẹ sì ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó sọ pé £150 ni ìkòkò, tó wá ń béèrè £38 lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n máa pè ní olè.

Ẹni tó bá yọ lẹ́yìn àsansílẹ̀ ńkọ́? Owó ẹ̀ ò padà àfi tó bá rí ẹni rọ́pò ara ẹ̀. Tí ọlọ́jọ́ bá dé (ká má rí i o), ẹ ti kọ sílẹ̀ bóyá ìkòkò ni ẹ máa gbé fún àwọn ọmọ ẹ̀ tàbí owó. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilé bá ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣèpàdé lórí ẹ̀.

IBODÈ ÀTI ÒFIN

Láti 1 January 2021, ọjà tó ti Italy tàbí Faransé wá sí Britain ti di ọjà òkè òkun: VAT wà lórí ẹ̀. Tí àpapọ̀ iye tó wà nínú páálí bá ju £135 lọ, ẹnu ibodè ni wọ́n máa gba VAT, owó ibodè náà sì lè wà níbẹ̀. Pípín in sí páálí kéékèèké ò yọ VAT kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "ẹ̀bùn" sára ohun tí ẹ san owó fún, irọ́ ni níwájú òfin. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, 29 August 2025 ni ìjọba yín dá àyè dúró fún páálí tí kò ju $800 lọ láti wọlé láìsan owó ibodè, torí náà ẹ ṣírò tiyín mọ́ ọn.

Òfin tó fún wa ní ọjọ́ 14 láti dá ọjà tí a rà láti ọ̀nà jíjìn padà, ti ọdún 2013, kò kan ohun tí wọ́n ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ. Ti àjọ EU náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá ní àbùkù, tàbí tí kò bá àdéhùn mu, ẹ ní ẹ̀tọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìwé àdéhùn nìyẹn.

Tí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì san, Section 75 inú òfin ọdún 1974 lè gbà yín, ṣùgbọ́n iye ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ ju £100 lọ, kì í ṣe àpapọ̀. Ẹni tó ni káàdì ni bánkì mọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́.

NÍGBÀ TÓ BÁ DÉ

Ẹ má pín in lójú òde. Ẹ ṣí páálí níwájú ẹni mẹ́ta, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ ti wáyà olówùú tí wọ́n fi ń nu ìkòkò gba ọ̀pá ẹnu, ó yẹ kó yọ sí ìsàlẹ̀ ikùn ìkòkò láìdúró. Ẹ wò ó bóyá ó là, bóyá àlàfo wà láàárin ọ̀pá ẹnu àti ọrùn. Ẹ ka orúkọ, àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba tirẹ̀, kó fọwọ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyàwó wa máa fẹ́ kí n sọ. Àwọn kan rò pé ìkòkò ò léwu torí pé a kì í fa èéfín ẹ̀ wọnú. Irọ́ ni. Ó ń fa jẹjẹrẹ ètè, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, èéfín ẹ̀ sì ń ba àwọn ọmọ tó wà nílé jẹ́. Ẹni tí kò bá mu tábà tẹ́lẹ̀, kó gbé tirẹ̀ sórí pẹpẹ nínú pálọ̀. Iṣẹ́ ọnà ni, orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìwé la fi ń ṣọ́ owó. Ẹ kú ìnáwó o.