Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Gbin Eyín



Ní ìgboro Ìbàdàn lónìí, láti Bódìjà dé Agbowó, láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road àti Challenge, pátákó àwọn oníṣègùn eyín kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Lára ohun tí àwọn kan ń kọ sára pátákó wọn ni dental implant, ìyẹn eyín tí wọ́n ń gbìn sínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ. Nígbà mìíràn, ọmọ tó wà lókè òkun ló máa fi owó ránṣẹ́ pé kí ìyá òun lọ ṣe é. Ìyá á wá bi àlùfáà léèrè lẹ́yìn ìrun: Ṣé kò léwu? Ṣé kò ní ba àlùwàlá òun jẹ́?

Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé eyín gbígbìn kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà lọ́jọ́ kan gbé lọ sílé. Iṣẹ́ abẹ ni, ó ń gba oṣù púpọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì lópin. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi kí ẹ tó sanwó pọ̀.

Kí ni wọ́n ń gbìn gan-an?

Apá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni ìṣó kékeré onírin titanium, tó ní ìlà yípo bíi èyí tí káfíńtà ń yí wọ inú igi. Inú eegun ló ń wọ̀, òun ló dúró bíi gbòǹgbò. Ìkejì ni irin kékeré tó so ìṣó náà mọ́ eyín. Ìkẹta ni eyín tó hàn síta, ohun líle funfun bíi táńgánran.

Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ará Sweden, ló ṣàkíyèsí ní 1952, níbi tó ti ń ṣe ìwádìí lórí eegun ehoro, pé eegun lẹ̀ mọ́ titanium débi pé kò ṣeé yọ mọ́. Ní 1965 ó gbin irú rẹ̀ sẹ́nu ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì lò ó ju ọdún 40 lọ, títí tó fi kú ní 2006. Eegun ló di eyín yìí mú. Bí eegun kò bá dára, iṣẹ́ náà kò lè dára.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Dókítà á kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, á ya àwòrán X-ray láti mọ bí eegun ṣe ga tó, bó ṣe nípọn tó, àti ibi tí iṣan ìmọ̀lára gbà kọjá. Bí àrùn bá wà ní èrìgì, ẹran tó yí ìdí eyín ká, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó sàn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á lu ihò sínú eegun, wọ́n á yí ìṣó náà wọ̀ ọ́. Ó wá ku sùúrù: oṣù 3 sí 6 ni eegun sábà máa ń lò kó tó lẹ̀ mọ́ irin náà dáadáa, kí wọ́n tó de eyín gidi mọ́ ọn.

Bí eyín bá ti yọ, eegun ibẹ̀ a máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá láàárín ọdún àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tó ti pẹ́ láìní eyín lè nílò kí wọ́n kọ́kọ́ fi eegun kún eegun rẹ̀, èyí sì ń fi owó àti oṣù kún iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbin eyín fún yín láìya àwòrán kankan, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ má fi àìsàn pamọ́

Àwọn kan máa ń fi àìsàn pamọ́ kí dókítà má baà sọ pé kò ṣeé ṣe. Ara wọn ni wọ́n ń tàn. Ẹ sọ ọ́ bí nǹkan wọ̀nyí bá kàn yín:

1. Àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kò bá sí níkàáwọ́, ọgbẹ́ kì í tètè jinná. Bí oògùn bá ń ká a dáadáa, a sábà máa ń lè ṣe é.
2. Sìgá mímu. Ó máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé èrìgì kù, ó sì ń mú kí eyín tí a gbìn tètè bàjẹ́.
3. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, clopidogrel àti aspirin. Ẹ má fúnra yín dá a dúró. Dókítà ni kó pinnu.
4. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí eegun rẹ̀ ń rọ tàbí tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀, bíi alendronate àti zoledronic acid. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kú nítorí rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.
5. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi ìtànṣán ṣe sí orí tàbí ọrùn.

Aláboyún lè dúró dìgbà tó bá bímọ. Ọmọ tí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò tíì tó o ṣe.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ìwádìí fi hàn pé ju 90 lọ nínú 100 irú eyín yìí ló ṣì máa ń wà lẹ́nu lẹ́yìn ọdún 10. Síbẹ̀, eegun lè kọ̀ láti lẹ̀ mọ́ irin náà. Bí wọ́n bá lu ihò kan iṣan ìmọ̀lára nísàlẹ̀, ètè àti àgbọ̀n lè máa kú bí ẹni pé kì í ṣe tẹni. Lókè, ìṣó lè wọ inú ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Èyí tó sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ wá ni àrùn èrìgì tó ń jẹ eegun ìdí irin náà, ó sì lè má dunni títí eyín á fi máa mì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Eyín tí à ń bọ́ lálẹ́ kò wọ́n tó o, kò sì ní iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún lè so eyín tuntun mọ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo, ṣùgbọ́n wọ́n á ní láti há lára àwọn méjèèjì. Kò sí ìtìjú nínú èyíkéyìí tí agbára yín bá ká.

Ohun tó kan ẹ̀sìn

Ó wà nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá pé imú Arfajah ọmọ As'ad gé lójú ogun, ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ó ń rùn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kó fi wúrà ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ti mú ẹ̀rí pé a lè fi ohun mìíràn dípò ẹ̀yà ara tó sọnù. Èyí yàtọ̀ sí kí èèyàn fá eyín tó le láti fi pa èjí nítorí ẹwà, nítorí hádíìsì tó ní àlááfíà bú ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Eyín tí a gbìn kì í ba àlùwàlá tàbí ìwẹ̀ jánábà jẹ́, a kò sì ní í yọ ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Málíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, sùnnà ni fífi omi yọ ẹnu nínú méjèèjì. Ẹ fi iṣẹ́ abẹ náà sí ẹ̀yìn Ràmàdáànù, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn, kò sì sí ìkánjú nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: eegun tí wọ́n fi ń kún eegun lè wá láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, èèyàn mìíràn, màálù tàbí ẹlẹ́dẹ̀, òmíràn sì jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹ bi dókítà ṣáájú, kí ó lè wá èyí tó bá yín mu.

Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó

1. Ṣé Medical and Dental Council of Nigeria fún yín ní ìwé àṣẹ, ṣé ó sì wà láàyè lọ́dún yìí? Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá kì í ṣe dókítà eyín.
2. Mélòó nínú irú iṣẹ́ yìí ni ẹ ti ṣe, ta ni á sì máa yẹ̀ mí wò lẹ́yìn rẹ̀?
3. Èló ni gbogbo rẹ̀, láti àwòrán dé eyín tó kẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀.
4. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ eegun, ta ni á san owó àtúnṣe?
5. Kí ni orúkọ àti ìwọ̀n ìṣó tí ẹ fẹ́ lò? Ẹ gba káàdì rẹ̀, kí dókítà mìíràn lè mọ ohun tó wà lẹ́nu yín lọ́jọ́ iwájú.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ gba èrò ẹlòmíràn. UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sì jìnnà sí Bódìjà àti Agbowó.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbìn ín tán

Kòkòrò kì í jẹ irin, ṣùgbọ́n ó ń jẹ èrìgì àti eegun tó di irin mú. Ẹ máa fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ẹ máa fi okùn eyín nu àárín rẹ̀. Sùnnà ni pákò, ẹ má pa á tì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dé gbogbo àárín eyín. Ẹ má fi í fọ́ eegun tàbí orógbó tó le, kí ẹ sì máa padà sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò, bí kò tilẹ̀ dùn yín.

Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ ṣe èyí fún òbí yín, ẹ ṣeun. Ẹ fi owó ìtọ́jú ọdún tó ń bọ̀ kún un. Ọlọ́hun ni Olùwòsàn, Òun ló mọ̀ jùlọ.