Eegun, Awọ àti Koríko Òkun: Ìtàn Jẹ́látìn

Bí a bá se ẹsẹ̀ màlúù títí ó fi rọ̀, tí omi ọbẹ̀ rẹ̀ sì sùn mọ́jú níbi tútù, omi náà á dì. Bí a bá tún gbé e kaná, á yọ́ padà. Ohun tó ń dì yẹn ni jẹ́látìn. Inú awọ, eegun àti iṣan ẹran ló ti ń wá: èròjà kan tó ń jẹ́ collagen ló so ara ẹran pọ̀, omi gbígbóná ló sì ń tú u di jẹ́látìn. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú awọ àti eegun màlúù ni àwọn ilé iṣẹ́ ń lò jù. Wọ́n ń rí i lára ẹja náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pọ̀.

Ní ọdún 1681, Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé jáde nípa ìkòkò onírin kan tó ṣe. Ó dé ìkòkò náà pinpin kí ooru má bàa ráyè jáde. Òun ni baba ńlá pressure pot tí à ń lò lónìí. Eegun tó bá wọ inú rẹ̀ á rọ̀ bíi wàrà. Èrò Papin ni pé eegun tí wọ́n ń kó dànù lè di oúnjẹ fún tálákà.

Èrò yẹn dára létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tó já sí. Ní Paris, Jean-Pierre-Joseph d'Arcet fa jẹ́látìn yọ lára eegun lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń fi ṣe ọbẹ̀ fún àwọn aláìsàn àti àwọn aláìní. Wọ́n ní ó ń ṣara lóore bí ẹran. Nígbà tí àríyànjiyàn pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀, François Magendie sì ṣe olórí wọn. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1841: àwọn ajá tí wọ́n fi jẹ́látìn nìkan bọ́ kò yè é. A ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Jẹ́látìn kò ní tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi í rọ́pò ẹran nínú abọ́ tálákà, ebi ló fi sí i lábọ́.

Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ìpápánu. Peter Cooper, tó ń ṣe lẹ́ẹ̀ ní New York, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí jẹ́látìn oníyẹ̀fun ní ọdún 1845. Ní ọdún 1897, Pearle Wait fi ṣúgà, àwọ̀ àti adùn èso sí i, ó di Jell-O. Láti ìgbà náà, eegun ti fara pamọ́ sínú páálí. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ súwíìtì, ó wà lára ike oògùn tí à ń gbé mì. Mùsùlùmí tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àti ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, lè máa jẹ ẹ́ láìmọ̀.

Kí ló wá lè dípò rẹ̀? Àwọn ará Jàpáánì ti ń fa agar jáde lára koríko òkun láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní ọdún 1881, Walther Hesse ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, nínú ilé ìwádìí Robert Koch. Orí jẹ́látìn ni wọ́n ti ń tọ́jú kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n nígbà ooru ó ń yọ́, àwọn kòkòrò mìíràn sì ń jẹ ẹ́ di omi. Fanny, ìyàwó Hesse, ló ní kí wọ́n gbìyànjú agar tí òun fi ń se oúnjẹ nílé. Aládùúgbò kan tó ti gbé ní Java rí ló sọ fún un nípa rẹ̀ nígbà tó wà ní New York. Jẹ́látìn ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 Celsius. Agar kì í yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bí 85. Koch dárúkọ agar nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọdún 1882. Kò dárúkọ Fanny.

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Níbí yìí, òòbẹ̀ ta àdán yọ. Àmọ́ ọ̀nà tí à ń gbà lò wọ́n yàtọ̀. Jẹ́látìn, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí ẹ tó yọ́ ọ nínú omi gbígbóná. Bó bá hó pẹ́, agbára rẹ̀ á dín. Agar ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hó kó tó yọ́, díẹ̀ rẹ̀ ló sì ń tó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ kì í jẹ́ kí jẹ́látìn dì, nítorí ohun tó ń mú kí ìbẹ́pẹ rọ ẹran líle ló ń tú u ká. Agar kò bìkítà fún ìyẹn. Èròjà inú èèpo ọsàn tó ń jẹ́ pectin náà ń mú jáàmù dì. Ògì tiwa náà ń dì: ẹ̀kọ inú ewé eéran kò ní eegun kankan nínú. Kò kàn ní yọ́ lẹ́nu bíi jẹ́látìn.

Oníkálukú ló mọ ohun tí òun lè jẹ. Àmọ́ ohun tí wọn kò bá kọ sára páálí, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Bí wọ́n bá kọ jẹ́látìn, ó tọ́ kí wọ́n kọ ẹran tí wọ́n ti rí i. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ń jẹun ni.